Ṣé Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Fa Iná Púpọ̀ Ń Dá Owó Rẹ̀ Padà?

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó iná ti di ẹrù wúwo fún wa láti Ìkẹjà dé Agége. Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin kan tí ó ń fi kọ̀ǹpútà 4 ṣe iṣẹ́ títẹ̀wé ní Agége sọ fún wa pé òun fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí òun lè lọ ra àwọn tí kì í fa iná ní Computer Village, a jókòó tì í, a sì bá a ṣírò rẹ̀.

Processor, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nínú ti Intel, 65 wáàtì ni a kọ sí ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò lórí tábìlì. Èyí tí lẹ́tà T parí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 35. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ṣe iṣẹ́ àṣekára fún wákàtí 8 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù, ìyàtọ̀ náà kò ju yúníìtì 6 àti díẹ̀ lọ. Bí a bá fi náírà 225, tí wọ́n fi lé yúníìtì kan fún àwọn ará Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ṣírò rẹ̀, náírà 1,404 ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí a bá ń tẹ lẹ́tà, ọpọlọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sinmi ni, àwọn méjèèjì a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fa iye kan náà. Ẹ̀rọ amúnáwá pàápàá, bí ẹrù rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́, yóò ṣì mu epo kí ó tó lè máa yí.

Ta ni ó wá wúlò fún? Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ fídíò láti àárọ̀ di alẹ́ lórí inverter, nítorí bátìrì rẹ̀ yóò pẹ́ sí i. Àti ẹni tí ó fẹ́ ra tuntun tẹ́lẹ̀, bí iye owó wọn bá dọ́gba.

A gba arákùnrin wa nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe yá owó náà. Kí ó máa pa kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí ó sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú wọn kù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìnira owó iná tì wá sínú gbèsè.