Bí Ẹ̀rọ Ṣe Lè Pe Ohùn Dùndún

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fetí sí ìyáàlù dáadáa yóò gbà pé kì í ṣe ohùn mẹ́ta péré ni ó ń jáde láti inú rẹ̀. Bí onílù ti ń fún ọṣán ni ohùn ń gòkè. Bí ó ti ń dẹ ọwọ́ ni ohùn ń yọ́ wálẹ̀. Yíyọ́ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ gan-an ni. Ẹ wo “rárá” àti “rárà”. Ohùn sílébù kejì nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá sì tẹ̀ lé ohùn òkè, láti òkè ni í ti í yọ́ bọ̀.

Kò sí onílù nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èmi sì fẹ́ kí àwọn tí ń múra ìdánwò fi etí ara wọn gbọ́ ọ, nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ 12 ni ètò náà mọ̀ láti dó dé dó, bíi ti dùùrù. Ó lu “rárà” bí ẹni tí ń bọ́ láti orí àtẹ̀gùn.

Ohun tí ó yọ mí ni àṣẹ tí wọ́n ń pè ní pitch bend, tí ó ti wà nínú ìlànà MIDI láti 1983. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 16383. Ní 8192 ohùn kò yẹ̀ síbì kan. Bí ó ti wọ́pọ̀, ìgbésẹ̀ méjì ni ó lè gbé ohùn gòkè, méjì náà ni ó lè fà á wálẹ̀. Sẹ́ǹtì 100 ni ìgbésẹ̀ kan, nítorí náà bí a bá fi 2048 kún 8192, ohùn gòkè ní sẹ́ǹtì 50. Nínú Sibelius, ~B0,80 ni a óò kọ sórí nóòtì fún èyí, ~B0,64 ni yóò sì dá ohùn padà. Bí a kò bá dá a padà, gbogbo nóòtì tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò máa yẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ méjì kò tó ìyáàlù rárá. Mo fẹ̀ ẹ́ dé 12, mo fi “rà” sí ohùn òkè, mo sì to àwọn iye tí ń dín kù díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àṣẹ yìí kì í mú nóòtì kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà ni í tẹ̀. Bí gúdúgúdú bá bá ìyáàlù jókòó síbẹ̀, òun náà yóò máa yọ́, ta ni ó sì gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ọ̀nà 16 ni MIDI ní. Mo fún ìlù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Níbo ni yíyọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, báwo ni ó sì ti yára tó? Ẹ̀rọ kò lè sọ èyí. Mo rìnrìn-àjò lọ bá onílù àgbà kan, mo gba ohùn ìlù rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ìyẹn to iye mi. Nígbà tí mo lù ú fún kíláàsì, tí mo bo pátákó, “rárà” ni wọ́n pè é.