Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Ẹ̀ka

Ẹni tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ Gallatin ní Yunifásítì New York láti gboyè másítà kò ní bá ìwé kan tí wọ́n ti to gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ sí dè é. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò tò wọ́n, olùkọ́ kan yóò sì máa bá a yẹ̀ wọ́n wò. Ọdún 1972 ni yunifásítì náà dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Orúkọ Albert Gallatin, ọ̀kan lára àwọn tó dá yunifásítì náà gan-an sílẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é. Yúnìtì 40 ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kó jọ, kó sì gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́.

Aró ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àdìrẹ sì ni ìyá mi àgbà ń tà ní Ìtòkú. Bí wọ́n bá rí aṣọ tó tètè ṣá, wọ́n á ní, “Iṣẹ́ kọ́sítíìkì nìyẹn.” Mo fẹ́ mọ̀ bóyá aláró tó lo kọ́sítíìkì sódà láyé àtijọ́ jẹ́ oníjìbìtì, tàbí òṣìṣẹ́ tó gbọ́n.

Ẹ wo bí ìbéèrè náà ṣe rìn jìnnà. Èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú, pẹ̀lú ìkòkò tó ti kan dáadáa, ló ń mú un yòrò. Bí aṣọ bá ti jáde, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ni àwọ̀ aró yóò tó yọ. Adolf von Baeyer ní Jámánì ṣàwárí bí wọ́n ṣe lè ṣe aró láìlo ewé, ilé-iṣẹ́ BASF sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1897. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta, kọ́sítíìkì sódà ló bá a rìn, ó sì gba àwọn aláró lọ́wọ́ wàhálà eérú sísun. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà kò tà mọ́, Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de aró ilé-iṣẹ́ àti kọ́sítíìkì sódà. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Òpìtàn Judith Byfield kọ ìtàn wọn sínú The Bluest Hands, ìwé tó jáde ní 2002.

Onímọ̀ kẹ́místírì yóò sọ fún ọ pé aró inú ewé àti ti ilé-iṣẹ́ kò yàtọ̀ síra, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Òpìtàn yóò ka ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin náà láìfọwọ́ kan ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jókòó sí ẹ̀ka kan.

Òmìnira yìí ní ìdẹwò tirẹ̀. Gbogbo kọ́ọ̀sì ló ń wuni. Mo kọ fíìmù ṣíṣe sínú ètò mi, mo kọ ìtọ́jú mùsíọ́mù. Olùkọ́ mi ń fi bírò fa igi lé wọn lórí, ó ń bi mí pé èwo ni ìbéèrè mi kò lè ṣe láìní. Ìtàn, kẹ́místírì aró àti ọrọ̀ ajé àwọn obìnrin oníṣòwò ló ṣẹ́kù. Mo gbà báyìí pé pípa rẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tí kò lè pa nǹkan rẹ́, kó lọ wọ ẹ̀ka tí wọ́n ti bá a to tirẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn kan ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní àdàlú, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣófo pátápátá: n kò lè pe ara mi ní onímọ̀ kẹ́místírì láé. Bọ̀dá mi ṣì ń béèrè ohun tí mo kà gan-an. Ṣùgbọ́n láti 1962 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní Institute of African Studies, níbi tí oríṣiríṣi ìmọ̀ ti ń gbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Lọ́jọ́ ìgbèjà, olùkọ́ ìtàn ló béèrè ìdí tí aṣọ fi ń tètè gbó bí kọ́sítíìkì bá pọ̀jù. Ti kẹ́místírì ní tirẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó ń ta ọjà àwìn fún àwọn aláró. Ìdáhùn kejì ló gùn jù, torí aṣọ funfun tí wọ́n ń gbà láwìn ló so wọ́n mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, gbèsè kì í sì í dúró de ìkòkò tí kò tíì kan.