Nítorí Òtútù Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá Ìbejì Fẹ́ẹ́ Gbé Iná Èédú Wọ Yàrá

Ẹni tí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí ló ń fi ọyẹ́ ilé wé òtútù ibẹ̀. Ọyẹ́ a máa la ètè, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ara á yá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bó bá di oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, òtútù á sì máa wọ egungun lọ.

Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ ní Rye Lane, ní Peckham, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọjà Dùgbẹ̀ ló ti kọ́ òwò. Òun àti ìbejì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń gbé yàrá méjì. Hítà oníná mọ̀nàmọ́ná ló ń mú ilé náà gbóná, mítà ibẹ̀ sì dà bíi fóònù tí à ń ra káàdì sí: ẹ sanwó kí ẹ tó lò ó. Èyí tó dunni jù ni pé mítà ọ̀hún ní owó tó ń yọ lójoojúmọ́, ẹ tan iná o, ẹ ò tan iná o.

Ní 2022, tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, ọ̀wọ́n gáàsì tó ti wà nílẹ̀ wá le sí i. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà, owó iná àti gáàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi 54 lé lórí ọgọ́rùn-ún: ohun tí èèyàn ń san pọ́ùn 100 lé lórí di pọ́ùn 154. Èrè orí ẹ̀fọ́ ò sì lé.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, yìnyín bo Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kejì, pọ́ùn méjì péré ló kù nínú mítà. Ìyá Ìbejì pa hítà, kí fìríìjì má baà kú. Táyé ń wúkọ́, Kẹ́hìndé ń gbọ̀n. Obìnrin náà bá rántí àdògán tó fi ń yan ẹja níta nígbà ooru. Ó koná èédú sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró kí èéfín tán, ló bá ń gbé e bọ̀ wá sí yàrá.

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé lókè wọn, bá a.

“Ìyá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?”

“Bọ̀dá mi, òtútù fẹ́ẹ́ pa àwọn ọmọ ni. Ẹ wò ó, kò léèéfín mọ́, ẹyin iná lásán ni.”

“Háà! Ẹ má gbé e wọlé o! Ẹyin iná yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ kò ní àwọ̀, kò rùn. Orí á kọ́kọ́ fọ́ yín, oorun á gbé yín lọ, ẹ ò sì ní í jí. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún àwọn tó ń tàn án sínú ilé ní Nàìjíríà náà nìyẹn.”

Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí. Ó sáré gbé àdògán padà síta, ó da omi sí i.

Bọ̀dá Kápẹ́ńtà yọ pọ́ùn mẹ́wàá fún un kó fi sí mítà lálẹ́ yẹn, ó wá bi í léèrè pé, “Ẹ ti gbowó ìjọba yín?”

“Owó wo?”

Ó lọ kó lẹ́tà jáde nínú ọ̀rá. Kò ṣí wọn rárá, gbèsè ló rò pé wọ́n jẹ́. Ìwé pọ́ùn 66 ti oṣù Kẹwàá àti ti oṣù Kọkànlá ló wà nínú wọn! Pọ́ùn 400 ni ìjọba pín fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òtútù yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pín in sí. Lẹ́tà, àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù tàbí ímeèlì ni wọ́n fi ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ mítà, 90 ọjọ́ péré ni ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó mú un lọ sí pósítọ́fíìsì, pọ́ùn 132 wọ mítà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bọ̀dá Kápẹ́ńtà wá tún ilé ṣe. Wọ́n ká ògbólógbòó ìró sí ìdí ilẹ̀kùn. Ó lẹ fóòmù mọ́ etí fèrèsé, ó so kọ́tìnnì tó nípọn, ó ní kí wọ́n máa fà á dí bílẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọ́n sún àga kúrò níwájú hítà. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má sá aṣọ tútù sórí hítà, kí wọ́n sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀ bí wọ́n bá se oúnjẹ tán, torí omi tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń mú un bu, ògiri tó bu sì ń fa ikọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń sun yàrá kan, hítà kan ló ń ṣiṣẹ́. Wọn ò jẹ́ kó tutù ju ìwọ̀n 18 tí àwọn elétò ìlera ń wí lọ. Ikọ́ Táyé rọlẹ̀.

Ètò pọ́ùn 400 yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, lẹ́tà kì í sùn mọ́jú nílé Ìyá Ìbejì láìṣí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ lókè òkun, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má gbé iná èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ wọlé. Èéfín lè tán, kí ikú ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá létí, kó gbọ́.