Ìrìn Mi sí Odò Oli

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé nípa kìnnìún igbó Kainji sínú ìwé ìròyìn láìkúrò ní Táńkẹ́, Ìlọrin níbí. Ojú ló tì mí tí mo fi gbéra ní 2009. Mo gba Kíṣí àti Kàíámà dé Wáwá, tí ó wà ní Kwara wa títí di 1991 kí wọ́n tó gbé e fún ìpínlẹ̀ Niger.

Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú mi lọ sí Odò Oli dàgbà jù mí lọ dáadáa. Bàbá ni mo ń pè é. Ẹsẹ̀ la fi rìn. Àfi gbìì! Erinmi yọrí nínú omi, ó yanu gbàgà. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

“Má sáré, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. “Ṣáà má dí ọ̀nà omi mọ́ ọn.”

Ipasẹ̀ kìnnìún nìkan la rí. Kainji yìí àti Yankari nìkan ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù sí ní Nàìjíríà.

Ní báyìí, ọmọbìnrin mi ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ. Kí ni kí n wí? Àwọn agbébọn ti fi igbó náà ṣe ibùba. Bàbá kọ́ mi bí a ti ń yẹra fún erinmi. Ta ni yóò kọ́ mi bí a ti ń yẹra fún ènìyàn?