Ta ni Marie?



Fótò kan wà lára ògiri ilé bàbá wa àgbà, ní Ìfọ̀nyìn níbí. Obìnrin kan jókòó sórí àga, ó wé gèlè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Lẹ́yìn fótò náà, wọ́n fi íńkì tó ti ṣá kọ "Marie". Láti kékeré la ti ń bi ara wa pé, ta ni Marie? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú agbo ilé wa.

Ìbéèrè yìí tún sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a rí fótò mìíràn lórí fóònù. Camille Silvy, ọmọ Faransé, ló yà á ní London ní 1862. Ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ kan ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n pè é. Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó mú un lọ. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ náà. Èwo wá ni tirẹ̀?

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ìlú tí kò jìnnà sí wa téèyàn bá ti gba Ìgólò bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Ní 1848 ni ogun Dàhòmì kó ìlú náà, tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ní 1850, Ọba Gézò fi ọmọ náà ta Forbes lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Níléèwé Faransé tí a lọ, a há ọdún tí Gézò fi jọba sórí, 1818 sí 1858. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yìí fún wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ J. P. L. Davies ní Brighton, ní oṣù kẹjọ 1862 kan náà, "Ina" ló ṣíwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìgbéyàwó. Etí Yorùbá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: Àìná ni, ọmọ tí okùn ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i. Ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ ló rí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ fún fótò yẹn, orúkọ yìí nìkan ló ti ilé wá.

Lọ́sẹ̀ náà la gbé fótò tiwa tọ àǹtí bàbá wa lọ. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. A ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Marie?" Wọ́n ní àwọn ò mọ Marie. Wọ́n ní ká sọ bó ṣe rí. A ní ìka kan gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìdòwú nìyẹn! Òun ló tẹ̀lé ìbejì. Àwọn fadá ló sọ ọ́ ní Marie. Ta ní ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé?"

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. A ò gbọ́ oríkì yẹn rí.

Fótò mẹ́rin mìíràn ṣì wà lára ògiri. A ní a ó padà wá béèrè tí ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé bá parí. Kí ìdánwò náà tó parí, Màmá ti lọ.

Ẹ̀yin ará, bí àgbà bá ṣì wà nílé yín, ẹ gbé fótò tọ̀ wọ́n lọ lónìí. Ẹ mú bírò dání.