Ṣé Ara Ama Ò Yá Ni?

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ogun máa ń bẹ́ sílẹ̀ nílé wa ní Madina, ní ìlú Accra. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wà ní kíláàsì kejì. Bí mo bá ti ní, "Gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ wá," òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Tó bá mu omi tán, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n. Tó bá tọ̀ tán, pẹ́ńsù á sọnù. Kí a tó jókòó, aago á ti lù mẹ́jọ, inú èmi á ti ru, omijé á sì ti dé ojú tirẹ̀.

Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Mo pariwo. Mo ṣèlérí súìtì. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó sú mi, mo ṣe iṣẹ́ náà, ó dà á kọ. Olùkọ́ fún wa ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n ṣe ìdánwò ránpẹ́ lórí iṣẹ́ kan náà, ó gba méjì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé iṣẹ́ náà di àwátì. Ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kẹta ni mo bá a nínú àpò ìrẹsì. Ọmọ mi kì í purọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju bí inú ṣe bí mi lọ, síbẹ̀ sálúbàtà ni mo kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́.

Màmá mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló gba sálúbàtà lọ́wọ́ mi. "Ṣé o ti bi í léèrè ohun tó rí nínú ìwé yẹn tó fi ń sá fún un?" N kò bi í rí. Wọ́n fà á mọ́ra. "Ọkọ mi, kí ni wọ́n ní kí o ṣe níbí? Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

Ìbéèrè náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni pé Kofi ní máńgòrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ama ní mẹ́sàn-án. Mélòó ni ti Ama fi dín sí ti Kofi? Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Kofi ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ama ní mẹ́sàn-án. Màmá àgbà, ṣé ara Ama ò yá ni?"

Ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà: "fewer". Ibà ló kà níbẹ̀, "fever". Láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣírò ibà.

Màmá ní, "Rárá o, ara Ama le koko. Máńgòrò mélòó ló kù kí ti Ama àti ti Kofi tó dọ́gba?"

"Mẹ́fà." Kò tilẹ̀ ka ìka. Ọmọ yìí kan náà ló ń fi Twi ra kẹ́ńkẹ́ ní ìta, tí ṣéńjì rẹ̀ kì í dín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Accra ni wọ́n bí wọn sí, ọmọ ọdún méje sì ni wọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òbí wọn kó ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Accra, wọ́n ń pè wọ́n ní olódo nínú ìṣirò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ da òkúta wẹẹrẹ sílẹ̀, ó sì ka á ní Yorùbá. "Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé orí mi pé." Ìwé mẹ́fà péré ni Màmá kà. Èmi tí mo gboyè kejì ní yunifásítì, ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tí Màmá sọ kì í ṣe àdììtú. Ní ọdún 1970 gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìṣirò, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní Ghana, èdè ìbílẹ̀ mọ́kànlá ni ìjọba ń ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ sí, láti orí Twi, Ga àti Ewe dé Dagbani. Yorùbá kò sí níbẹ̀, Hausa kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ elédè méjèèjì pọ̀ ní Nima àti Madina. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni púpọ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nítorí náà, ilé ni iṣẹ́ yìí kù sí.

Ẹnìkan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọmọ mi gbà dé ìdí "fewer", kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Nísinsìnyí, ó ń jẹun, ó ń ṣeré díẹ̀ kí a tó jókòó. Òun ló ń sọ ìbéèrè fún mi, ní èdè tó bá wù ú, kó tó mú pẹ́ńsù. Mo ń ṣe iṣẹ́ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kì í ṣe tirẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, a ti parí. Ìmọ̀ràn kan tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àtúpalẹ̀ ìwádìí tí Harris Cooper ti Yunifásítì Duke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006 sì fi hàn pé àǹfààní iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ kéékèèké kéré sí ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Èyí tí kò bá yé e, mo ń kọ ọ́ sí etí ìwé fún olùkọ́. Nígbà tí mo kọ ti "fewer", olùkọ́ bi kíláàsì léèrè. Ọmọ mi nìkan kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá tó ń tajà lọ́jà Madina, tó ní òun ò kàwé débi tí òun á fi ran ọmọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn án jù. Kò nílò Gẹ̀ẹ́sì. Kó sọ pé, "Sọ ọ́ fún mi ní èdè wa," kó sì fetí sílẹ̀.

Pẹ́ńsù ṣì ń sọnù nílé wa o. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì padà sínú àpò ìrẹsì.