Ariwo Tí A Fẹ́ Pa Rẹ́

Bàbá wa máa ń ra aṣọ wá láti Kútọnu, wọn kì í sì í padà sílé láì mú àwo Poly-Rythmo dání. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, ẹnì kan tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ ní òun máa ra gbogbo rẹ̀. Owó gidi ni o.

Àwa ọmọ méjèèjì, sọ́fítíwia la ń kọ jẹun. A ní ká kọ́kọ́ da orin náà sórí kọ̀ǹpútà, ká fọ ariwo inú rẹ̀ kúrò. Ó mọ́ tónítóní. Màmá gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé ara wọn ò yá ni?"

Òótọ́ ni. Látìgbà tí Mélomé Clément ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1968, àwọn orin wọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ Nagra kan àti makirofóònù kan tàbí méjì ni wọ́n fi gba ìlù, jìtá àti ohùn sílẹ̀ pa pọ̀. Àtòógùn wọn wà nínú ariwo yẹn. Ní 2008, Analog Africa láti Jámánì kó irú orin bẹ́ẹ̀ jọ sínú The Vodoun Effect, àwọn tí kò gbọ́ Fọ̀n rárá sì ń rà á. Àwa la fẹ́ fọ̀ ọ́ dànù!

A pa fáìlì mímọ́ yẹn rẹ́. A ta púpọ̀ nínú àwo náà ṣá, torí òrùlé ń jò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dún pàrà-pàrà jù, tí Bàbá kọ orúkọ wọn sí lára, kò kúrò nílé.